Kí wọ́n tó wó ilé alámọ̀ nígboro Ògbómọ̀ṣọ́

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mò ń gbọ́ táwọn kan ń sọ lórí rédíò pé kí ìjọba kàn kó katapílà wọ àárín ìlú, kí wọ́n wó gbogbo ilé alámọ̀ dànù, kí wọ́n kó àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ sí ẹsíteètì. Mi ò sọ pé àwọn ilé náà dáa o. Mo mọ agbo ilé kan ní Másífà níbí, àgbàrá ti jẹ ìdí ògiri débi pé ọwọ́ ń wọ inú ẹ̀, páànù ti dípẹtà, ṣaláńgá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, tójò bá sì ti rọ̀, omi ibẹ̀ á máa ṣàn lọ síbi kànga. Inú èèyàn ò lè dùn sí i. Àmọ́ ìyá tó ń yan gàrí níwájú ilé yẹn ńkọ́, ibẹ̀ làwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ náà ni sàréè ọkọ ẹ̀ wà, tí wọ́n bá gbé e lọ sẹ́yìn ìlú, owó ọ̀kadà nìkan á jẹ èrè ẹ̀ tán.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1955 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó Ìsàlẹ̀ Èkó, Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ, ilé ibẹ̀ dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà jìnnà, ẹbí fọ́n ká, àwọn tí ò sanwó ilé rí torí pé ilé bàbá wọn ni wọ́n ń gbé wá di ẹni tó ń san rẹ́ǹtì. Ti Maroko, àdúgbò kan l'Ékòó, ní July 1990 tún wá burú jùyẹn lọ, nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n lé, ìwọ̀nba ló ríbi gbé ní Ilasan àti Ikota.

Owó gbà-má-bínú gan-an, ẹ wò ó dáadáa. Òfin ilẹ̀ 1978 ní ohun tó wà lórí ilẹ̀ nìjọba máa sanwó ẹ̀, wọ́n á sì yọ iye tí ilé náà ti dín kù torí pé ó ti gbó kúrò níbẹ̀. Ilé alámọ̀ tí bàbá ńlá kọ́, èló ló máa kù?

Ohun tí mò ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ la gọ́tà, kí wọ́n fa omi, kí wọ́n yá onílé lówó táṣẹ́rẹ́ láti fi rẹ́ ilé kó sì gbẹ́ ṣaláńgá gidi. Èyí tó bá wà lójú odò tó pọndandan kó kúrò, kí wọ́n kọ́lé míì parí nítòsí ná, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ onítọ̀hún kí katapílà tó dé. Kí wọ́n sì kọ orúkọ ayálégbé àti opó sílẹ̀, kì í ṣe ti baálé nìkan, torí àwọn yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé tí wọ́n bá ń pín ilé tàbí owó.

Òǹkàwé yín,
Másífà, Ògbómọ̀ṣọ́