Wálé, má tíì kó fídíò Dádì sórí ẹ̀ o

Wálé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni gbogbo nǹkan ní Manchester? Ẹ kú òtútù o. Ìyá Ìbejì ńkọ́, àwọn ìbejì náà ńkọ́, ṣé Táyé ti ń dáni lóhùn ní Yorùbá àbí "yes, uncle" náà ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀? Àwa wà ńbí, Ìbàdàn ò lọ síbì kankan. Mo gbọ́ voice note ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, níbi tó o ti ní o ti ra háàdì 4TB méjì, pé o fẹ́ so wọ́n pọ̀ bíi tèmi, RAID 0 tí wọ́n ń pè é, kí háàdì méjì máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, kí kọ̀ǹpútà ilé lè máa sáré, àti pé gbogbo fọ́tò àwọn ọmọ pẹ̀lú fídíò ìsìnkú Dádì lo fẹ́ kó sórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó o fi kádìí ẹ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà, torí ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì fẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e síbi tí kò dáa.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó lé èmi débẹ̀ ná. Kámẹ́rà mẹ́ta la ń gbé lọ sóde ìgbéyàwó báyìí, ọ̀kan ò gbójú kúrò lára ìyàwó, ọ̀kan ń tẹ̀ lé alága ìdúró kiri, ìkẹta dúró sókè ó ń wo gbogbo ilé. Tí mo bá délé màá yí àwọn apá tí mo fẹ́ lò sí ProRes, irú fáìlì fídíò tó rọrùn fún kọ̀ǹpútà láti gé, kí iṣẹ́ má baà wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn jù, ṣùgbọ́n ProRes ọ̀hún, ọ̀jẹun ni, fídíò 4K kan ṣoṣo á jẹ bíi 60MB ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ti kámẹ́rà mẹ́ta pa pọ̀ jẹ́ 180. Háàdì mi, mo wọ̀n ọ́n, 150 ni agbára ẹ̀ mọ, ìyẹn náà tí kò bá sí pé ó ń sá síbí sá sọ́hùn-ún láàárín fáìlì mẹ́ta. Ni alága bá la ẹnu tó fẹ́ kọrin, ẹnu á ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, màá jókòó máa ka eyín ẹ̀.

Ṣé kí n ra SSD ni, èyí tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú, tó yára ju háàdì lọ? Mo ní SSD, 256GB, òun ni Ubuntu, Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, jókòó lé. Ti 4TB, mo béèrè iye ẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ó sọ fún mi, mo ní ẹ kú ọjà o, mo bá tèmi lọ. Háàdì tòkunbọ̀ ni mo wá lọ wá, 2TB 2TB. Ọmọ tó ń tà á ní "bọ̀dá, kò sí nǹkan tó ń ṣe é", mo ní ó dáa, jẹ́ n fi laptop mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi smartctl, ètò tó ń yẹ ìlera háàdì wò, wo mẹ́ta lórí káńtà ẹ̀ níbẹ̀. Power_On_Hours ti àkọ́kọ́ kọ 31,000, ìyẹn ni pé ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ láìsinmi, kò burú, àgbà ni. Ohun tí mo ń wá gan-an ni Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector, òdo ló yẹ kó wà níwájú méjèèjì, tó bá ti ń kà lọ sókè, ojú díìsìkì ti ń ṣá nìyẹn. Méjì mọ́ tónítóní, ìkẹta kọ 216, mo dá a padà fún un, kò tiẹ̀ bá mi jiyàn, ó kàn jù ú sẹ́yìn káńtà. Ti ẹ tuntun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀ náà jàre, owó ẹ ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá. Rántí ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, lálẹ́ Friday tí òde bá wà lọ́la, onídìrí méjì ló máa ń pa lé orí ẹyọ kan, eléyìí di ìlà kan, èyíinì di ìlà tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ orí ti parí. Ohun tí Linux ń ṣe fún fáìlì nìyẹn, á gé e ní 512K 512K, àkọ́kọ́ á lọ sórí sdb, orúkọ tí Linux pe háàdì kan, ìkejì sórí sdc, háàdì kejì, ìkẹta á tún padà sórí sdb, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì 100MB á di bíi igba ègé, bíi ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, bíi ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ìkejì ẹ̀, tí o bá wá ní kí wọ́n gbé e wá, àwọn méjèèjì á jọ máa gbé e bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Síso ẹ̀ náà ò ju ìlà méjì lọ, ṣùgbọ́n lsblk, tó ń to orúkọ àwọn háàdì sílẹ̀, ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀, kó o fi ìka tọ́ orúkọ wọn lójú kọ̀ǹpútà, kó o rí i pé 4TB tuntun méjèèjì lò ń bá sọ̀rọ̀, torí ohunkóhun tó bá wà lórí wọn ti lọ nìyẹn, mdadm, ètò tó ń so wọ́n pọ̀, kì í bẹ̀bẹ̀. Tó o bá ti dá ẹ lójú:

sudo mdadm --create /dev/md0 --level=0 --raid-devices=2 /dev/sdb /dev/sdc
sudo mkfs.ext4 /dev/md0

Ó parí. Mo sáré fi hdparm -t, tó ń wọn eré háàdì, wò ó, ti háàdì kan jẹ́ 148MB ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ti md0, ìyẹn méjèèjì tí mo so pọ̀, jẹ́ 291. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi wọlé wá béèrè ta ló kú. Lọ́jọ́ náà kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, alága la ẹnu, orin jáde.

Àmọ́ jẹ́ n sọ òótọ́ kan fún ẹ tí mi ò sọ lórí fóònù. Ibi tí eré yẹn wà ni fáìlì ńlá tí wọ́n ń kà lọ gbọọrọ. Fọ́lídà fọ́tò àwọn ìbejì, ẹgbẹ̀rún fọ́tò kéékèèké, bákan náà lá ṣe rí lójú ẹ. Ìdí ni pé ohun tó ń pẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe gbígbé, ìrìn ni. Háàdì tó ń yí 7200 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń yí 120 ní sẹ́kọ́ǹdì nìyẹn, tí orí tó ń kàwé bá ti dé ojú ìlà, á ṣì dúró de ìdajì yíyí kan kí ohun tó ń wá tó kọjá lábẹ́ ẹ̀, nǹkan bí ìdá 4 nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdì kan, yàtọ̀ sí àsìkò tó fi rìn débẹ̀. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún ìgbà. Kíkó onídìrí méjì jọ ò sọ pé kí bọ́ọ̀sì tètè gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù. Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ẹ ló ń pẹ́ kó tó tan, tí Chrome ń pẹ́ kó tó ṣí, Wálé, SSD kékeré kan ló ń béèrè, kì í ṣe háàdì méjì.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Dádì.

Ọjọ́ kẹta tí mo so tèmi pọ̀, mo ti kó ìgbéyàwó kan sórí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, mo sì ti pa ohun tó wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì rẹ́ torí a tún lóde ní Sunday. Mo mọ̀ pé ìwọ máa bú mi, bú mi, ó tọ́ sí mi. Wọ́n mú iná, bátìrì UPS mi ti kú tipẹ́, kọ̀ǹpútà kú pìì. Nígbà tí iná dé mo tàn án, ojú ẹ̀ dúdú, ó kọ "emergency mode", ó ní òun ń wá /dev/md0 òun ò rí i. Mo wá a, lóòótọ́ kò sí. Àyà mi já, ara mi ń gbọ̀n, torí ìyá ìyàwó yẹn ti pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà pé báwo ni fídíò ọmọ òun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ìgbà tó yá ni mo tẹ cat /proc/mdstat, ó bá kọ ọ́ síwájú mi gbangba: md127, active raid0, sdc sdb. Nǹkan mi wà níbẹ̀! Ó kàn yí orúkọ padà ni, torí mi ò kọ orúkọ tó ń jẹ́ síbì kankan kí n tó pa á, ló bá fún ara ẹ̀ ní èyí tó wù ú. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó o bá so tìẹ náà ni kó o ti ṣe èyí, má sùn kó o tó ṣe é:

sudo mdadm --detail --scan | sudo tee -a /etc/mdadm/mdadm.conf
sudo update-initramfs -u

Nínú /etc/fstab, ìwé tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ háàdì tó máa ṣí tó bá ń tan, UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà, ni kó o kọ, má kọ md0, kó o sì fi nofail sí i, kí kọ̀ǹpútà lè tan bí háàdì ò bá tiẹ̀ jí.

Orúkọ lásán lèyí o, tí mo fẹ́ẹ̀ dákú. Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀kan kú lóòótọ́ ńkọ́? Onídìrí tó bínú lọ, ó kó gbogbo ìlà tó dì dání. Kì í ṣe pé ìdajì fọ́tò á kù fún ẹ o, pé ó kéré tán ti Kẹ́hìndé wà. Fọ́tò fóònù 4MB, ègé mẹ́jọ ni, mẹ́rin ti lọ, mẹ́rin tó kù ò lè dá ṣí. Ìwé tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tó tọ́jú kálukú sí náà wà lára ohun tí wọ́n gé pín, òun náà ti ya. Ká ní háàdì kan ní ewu 5 nínú 100 pé á kú lọ́dún, tó o bá so méjì pọ̀ báyìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 10, torí èyíkéyìí nínú wọn tó bá kú ti pa méjèèjì. Àwọn mẹ́ta tó kọ ìwé RAID ní Berkeley ní 1988, Patterson, Gibson àti Katz, láti 1 dé 5 ni wọ́n ka oríṣi ẹ̀, 0 tí à ń sọ yìí ò sí níbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n fi kún un, kò sì ní ààbò kankan nínú.

Tí ààbò bá lò ń wá, RAID 1 ni, ìbejì lèyíinì, ohun tí Táyé ní ni Kẹ́hìndé ní, bí ọ̀kan kú èkejì ń bẹ. Àmọ́ 4TB méjì ẹ á di 4TB kan, kíkọ nǹkan sí i ò sì ní yá ju ti ẹyọ kan lọ. Àti pé tó o bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, á pa lórí méjèèjì lójú kan náà, ìyẹn náà ò tíì tó kópì tó dá wà lọ́tọ̀. Èmi báyìí, mo ra háàdì 8TB kan tó ń dá gbé inú dúrọ́ọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá ti káàdì jáde ń kọ́kọ́ wọ̀, kí n tó gbé ẹ̀dà ẹ̀ wá sórí md0 láti gé e. Bí md0 bá kú lónìí, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni mo pàdánù, mi ò pàdánù òde ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ àná mo lọ ṣí fídíò ìsìnkú Dádì, kó dá mi lójú. Gbogbo ẹ̀ ló wà, 212GB, mo ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣí. Mo wò títí dé ibi tí onígángan ti ń ki Dádì, tó fẹ́ dákẹ́, tí Mọ́mì ní kó tún un kì, ló bá tún un kì, ni gèlè Mọ́mì já bọ́ tí kò sì bìkítà. Mi ò lè sùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ ní Manchester níparí oṣù tó ń bọ̀, màá kó gbogbo ẹ̀ sórí háàdì kékeré kan rán sí ẹ, lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé gan-an, mo mọ ọmọ yẹn, tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹ̀ á ti fi géèmù sórí ẹ̀. Má kó o sórí àwọn méjì yẹn o. Tèmi ò ní kúrò nínú dúrọ́ọ̀.

Tó o bá fẹ́ fi nǹkan rán an padà sí mi, kébù SATA onírin pẹlẹbẹ tó máa ń há mọ́ ìdí háàdì yẹn ni mo fẹ́, mẹ́rin. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, tí mo bá sún kọ̀ǹpútà díẹ̀ báyìí, á yọ.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ. Mọ́mì ní o ò pè láti Sunday.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ,
Dèjì