Ẹ má fi arère ṣe pèpéle ìta mọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ pèpéle onípákó tá a fi ń gba atẹ́gùn níwájú ilé ló ń dùn mí. Kápẹ́ńtà kan fi pákó igi arère kan tèmi ní Ìlọrin níbí, kò pé ọdún méjì tí mo tẹ ọ̀kan tó sì rún mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán, òkè nìkan ló kù! Inú ilé ni arère wà fún, kò lè gba òjò. Igi àpá ni mo wá lò, ó wọ́n lóòótọ́, ó sì le débi pé wọ́n ní láti fi dírìlì lu ihò kí sukúrúù tó wọlé, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wú tàbí súnkì, ẹ sì mọ bí ọ̀yẹ́ tiwa ṣe ń ya pákó. Ìrókò náà dáa, ó tún rọrùn láti gé ju àpá lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo etí ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, ibi tó funfun yẹn, ikán ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta pákó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ orúkọ igi gan-an fún oníbàárà.

Èmi, oǹkàwé yín, Ìlọrin.