Kí a tó kun gbọ̀ngàn wa, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí dẹ́kìn rẹ̀ lè gbé

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o.

Níbi ìgbéyàwó tó kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn àdúgbò wa l'Ábẹ́òkúta, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo jókòó sí. Bí onílù ṣe ń lù ú, tí àwọn ìyá wa so àdìrẹ mọ́dìí tí wọ́n ń jó lójú kan náà, bẹ́ẹ̀ ni omi inú ìgò mi ń mì. Àfi bí àwọn olóúnjẹ ṣe pariwo nísàlẹ̀: eruku funfun ti já láti òkè sínú kúlà ọ̀fadà. Lọ́jọ́ kejì a gun àkàbà lọ wò ó. Abẹ́ dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré òkè náà, ti sán láti òpó àárín dé fèrèsé, etí káàdì báńkì sì wọ inú rẹ̀.

Nípàdé, àwọn kan ní ká fi sìmẹ́ǹtì dí i, ká kùn ún. Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, èmi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀dà kì í gbé ẹrù. Ìwé àwòrán ilé náà ti sọnù, kò sẹ́ni tó mọ iye irin tí àwọn bíríkìlà ìgbà yẹn fi sínú rẹ̀. Ìdánwò la fẹ́ dáwó fún.

Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣe àkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni yóò ṣe é. Yóò to irin sábẹ́ dẹ́kìn, láì jẹ́ kó kàn án, kó lè gbà á bó bá fẹ́ já. Aago kékeré tó ń wọn bí dẹ́kìn ṣe ń tẹ̀ sísàlẹ̀, tó lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀rá ṣe adágún sórí dẹ́kìn, wọ́n á pọn omi sí i lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á máa ka aago. Bí omi bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kílò 300 ló wà lórí mítà kan níbùú lóròó, bí ìgbà tí géńdé mẹ́rin dúró síbẹ̀. Fún ojú ilẹ̀ mítà 5 sí 4, lítà 6,000 ni. Wákàtí 24 ni omi yóò wà níbẹ̀. Wọ́n á tú u dànù, wọ́n á tún dúró fún wákàtí 24. Bí dẹ́kìn bá tẹ̀ púpọ̀, ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ padà sókè ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ibi tó tẹ̀ dé. Bí kò bá padà, àárẹ̀ ti mú un nìyẹn.

(Ẹni tó ní ká kó àwọn ọ̀dọ́ sórí rẹ̀ kí wọ́n máa fò, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n a ò ní fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe òṣùwọ̀n.)

Òkè yẹn làwọn ọmọ ti ń ṣe lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Ilé tó wó ní Ìta Fàájì l'Ékòó lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé-ìwé wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ti gbọ̀ngàn tiwa pa.

Àáró ni Lísàbí fi kó Ẹ̀gbá jọ, òun náà la ń bẹ̀ yín fún. Òṣìṣẹ́, ₦10,000, oníṣẹ́ ọwọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ₦3,000. Ẹni tó bá ní tánkà omi tàbí irin ìgbélé, kó yá wa lọ́jọ́ méjì, owó tirẹ̀ nìyẹn. Akápò yóò já rìsíìtì fún gbogbo ènìyàn, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà. Èsì ìdánwò, ó dára o, kò dára o, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn la ó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọwọ́ Bàbá Ìsàlẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà títí dìgbà náà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́