Káyọ̀dé, mo ti ka ìwé tó o fi ránṣẹ́ tán

Àjárá, Àgbádárìgì

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́, ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìwé tó o fi rán àbúrò rẹ sí mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti oṣù tó kọjá. Mo ní mi ò ní kọ lẹ́tà sí ọ àfi tí mo bá kà á tán, ṣùgbọ́n kí n tó kà á tán, ẹni mẹ́ta ti ń tò dúró dè é. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já báyìí. Mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, má bínú.

Ṣé o rántí Xbox tí bọ̀ọ̀dá yín gbé bọ̀ láti London, tí a máa ń jókòó tì ní pálọ̀ yín títí iná á fi lọ? Gbogbo bí a ṣe gbá géèmù Halo tó nígbà yẹn, a ò bi ara wa lọ́jọ́ kan pé ọmọ ta ni ọkùnrin aláṣíborí tí à ń darí yẹn. Master Chief ṣáà ni, ó ń yìnbọn, ó ń bẹ́ gìjà. Àṣé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí géèmù ọ̀hún tó jáde rárá. Oṣù kẹwàá ọdún 2001 ni ìwé The Fall of Reach tí Eric Nylund kọ jáde, géèmù wá tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá. John ni wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí wọ́n jí i gbé.

Ohun tó o kọ sí inú èèpo ìwé náà ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní Dókítà Halsey, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ní kí wọ́n jí John àti àwọn ọmọ mìíràn kó láti sọ wọ́n di ọmọ ogun, ò ní ọ̀nà mìíràn, pé ká ní kò kó àwọn ọmọ yẹn ni, ọmọ aráyé ì bá ti parun. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò lè gbà pẹ̀lú rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn tó kù sọ.

Táíwò àbúrò mi kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fò gbogbo ìgbà ọmọdé John kọjá, ó lọ bá ibi tí Keyes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun òfurufú kan, ti fi ọkọ̀ kan ṣoṣo kojú ọ̀wọ́ ọkọ̀ ọ̀tá, tó jẹ́ kí iná tí wọ́n yìn sí i máa lé e bọ̀, tó wá ṣẹ́rí gbì, tí iná ọ̀hún fi lọ sun ọkọ̀ àwọn tó yìn ín. Ìgbà mẹ́ta ló ka ibẹ̀. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló ní: géèmù Halo: Reach tó jáde ní 2010 kò bá ìwé mu. Nínú géèmù, orí ilẹ̀ Reach, ayé tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ náà ní ogun, ni ọkọ̀ Pillar of Autumn ti gbéra, nínú ìwé, òkè lójú òfurufú ló wà. Ó fẹ́ mọ èwo ni òtítọ́, ó sì ń bínú bí ẹni pé wọ́n yí ìtàn ìdílé ẹ̀ padà. Èmi ò rí ìyẹn bíi ìṣòro.

Bàbá Olùkọ́, ẹni tó kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ ní ìwé kẹrin, ka ìwé náà tán ní ọjọ́ méjì. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí i, kò sí bí mo ṣe lè dá wọn lẹ́kun. Wọ́n ní òǹkọ̀wé yìí ń sáré jù, pé iye ọkọ̀ àti bí irin ara wọn ṣe nípọn tó kún ibẹ̀ bíi ìwé ọjà, pé àwọn èèyàn ń kú kí a tó mọ orúkọ wọn. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo dé ìdá mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n wọ́n yin ibi owó onírin yẹn gidigidi: Halsey ju owó onírin sókè níwájú John, ọmọ náà gbá a mú lójú afẹ́fẹ́, ó sì mọ ojú tó máa wà lókè. Halsey ní kó máa mú un lọ. Bàbá Olùkọ́ ní, “Wálé, owó onírin kan ni wọ́n fi ra ọmọ yẹn. Òun fúnra ẹ̀ ni wọ́n san án fún.” Mo ti ka ibẹ̀ kọjá, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Sùlíà ló wá yí ìwé náà padà lójú mi. Wọn ò ka gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn kọjú sí tèmi, tí kò bá ti sí ẹni tó gbé fóònù wá fún àtúnṣe, mo máa ń gbé àga lọ síwájú maṣíìnì wọn, mo ń ka ìwé náà, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. A wá dé ibi tí ìwé ti sọ pé kí àwọn òbí má bàa wá àwọn ọmọ wọn, ẹ̀dà ọmọ náà ni wọ́n fi rọ́pò wọn lórí ibùsùn, ẹ̀dà tí kò lè pẹ́ láyé, tí àìsàn á pa, tí wọ́n á sì sin. Ìwé náà ò dúró níbẹ̀, ó ti ń bá tiẹ̀ lọ.

Ìyá Sùlíà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Aṣọ àǹkárá tí wọ́n ń rán dúró lábẹ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n fa òwú tó wà lẹ́nu wọn jáde.

“Dúró ná. Ìyá ọmọ náà ò mọ̀?”

Mo ní, “Ìwé sọ pé wọn ò mọ̀, mà.”

“Irọ́ ni. Òórùn ọmọ ò ṣe é dà kọ. Ìyá ẹ̀ mọ̀, kò kàn rí ẹni tó máa gbà á gbọ́ ni.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ká ní níbí ni, àbíkú ni wọ́n á pè é. Wọ́n á fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ ọlọ́mọ lára, ọmọ tiẹ̀ gangan á sì wà láàyè níbì kan tó ń kọ́ ìbọn.”

Káyọ̀dé, mi ò lè ka nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wá wo ọdún tó wà nínú ìwé. Ọdún 2517 ni Halsey lọ wo John. Ọdún 2525 ni àwọn Covenant, àwọn ẹ̀dá òkèèrè tó ń bá ọmọ aráyé jà, kọ́kọ́ kọlu ibùgbé èèyàn ní ayé kan tó ń jẹ́ Harvest. Ọdún 8 ló wà láàárín. Nígbà tí wọ́n ń jí àwọn ọmọ yẹn kó, kò tíì sí ẹni tó fojú kan ẹ̀dá òkèèrè kankan. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ èèyàn bíi tiwọn ni wọ́n fẹ́ lo àwọn ọmọ náà fún. Ogun tó dé lẹ́yìn ló wá jẹ́ kó dà bíi pé ó yẹ. Bí mo bá jí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ gbé lónìí, tí mo sì fi gbé aláboyún lọ sí ọsibítù lọ́dún tó ń bọ̀, olè ṣì ni mí. Ọmọ 75 ni wọ́n kó. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 14, wọ́n là wọ́n lára láti sọ egungun wọn di líle: 30 kú, 12 di aláàbọ̀ ara, 33 ló kù. Èwo nínú àwọn 42 yẹn ni ọ̀nà mìíràn kò sí fún?

O mọ̀ pé kò sí bí èèyàn á ṣe gbé Àgbádárìgì kó má ronú kan ilé Séríkì Abass. Bàbá Olùkọ́ ló rán wa létí. Wọ́n jí Abass gbé ní kékeré, wọ́n tà á, ó dé Brazil. Nígbà tó padà wá, òun náà di ẹni tó ń ta èèyàn, nínú àwọn yàrá tí àwọn àlejò ń sanwó wò báyìí. Bàbá Olùkọ́ ní ohun tó ń dun àwọn nínú ìwé yìí ni pé John kò bínú. Táíwò ní akin ni, akin kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn kan ń sọ pé òǹkọ̀wé ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀mí sí èèyàn lára, pé John gan bí igi. Èmi rò pé ọgbẹ́ ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí wọ́n mú kúrò nílé lọ́mọ ọdún 6, tí wọ́n so nọ́ńbà 117 mọ́ lára, kí ló fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Ìgbà kan tí mo rí i bí èèyàn ni ìgbà tí aṣọ ogun Sam, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ jí gbé, ya, tí Sam ò lè fò padà wá mọ́, tó sì di dandan kí John fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ọ̀tá. Sam ti wà pẹ̀lú ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Reach.

Nítorí náà, mo nífẹ̀ẹ́ ìwé náà, kí o má rò pé mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó o bá ní First Strike tí Nylund kọ lẹ́yìn èyí, tí ẹnì kan bá ń bọ̀ nílé, jọ̀ọ́ fi rán an. Fún ti Halsey, kọ èsì rẹ sí mi, má fi fóònù sọ ọ́, kí n lè kà á sí wọn létí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Láràárọ̀ tí mo bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Sùlíà á pè mí láti òdìkejì: “Wálé, wọ́n ti rí ìyá ọmọ yẹn?” Mo ti ka ìwé náà dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, kò sí níbẹ̀. Mo ṣì ń sọ fún wọn pé mi ò tíì kà á tán. Tí ó bá wà nínú First Strike, tètè sọ fún mi.

Èmi ni,
Wálé