Ẹ Yé So Máàkì Mọ́ Háńdáòtù

Olóòtú wa, ọ̀kun o.

Sáà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga agbègbè Ọ̀kun, àwọn olórí kíláàsì sì ti tún ń gba owó háńdáòtù, ìyẹn ìwé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ tẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, kiri kí olùkọ́ tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni tó bá san, wọ́n á kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé orúkọ yẹn ló máa wà lórí tábìlì olùkọ́ nígbà tó bá fẹ́ fún wọn ní máàkì. Ojú ewé tó kẹ́yìn háńdáòtù ni iṣẹ́ àṣetiléwá wà. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fa ewé náà ya kó sì kọ ìdáhùn sí i. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ sórí fótókọ́pì, wọn ò ní gbà á. Báyìí ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta iṣu ní ọjà Kàbà á ṣe pàdánù máàkì lórí ẹ̀kọ́ tó mọ̀ dáadáa.

Àwọn aláṣẹ mọ̀. Wọ́n á lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ara pátákó, wọn ò sì ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ìtìjú ńlá ni.

Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú fòfin de háńdáòtù pátápátá. Mi ò bá wọn débẹ̀. Tí olùkọ́ bá ní kí ọmọ 40 ya àwòrán ọkàn èèyàn láti ojú pátákó, ìṣẹ́jú 20 á lọ sí i, ọ̀pọ̀ á sì tún yà á sódì. Fún àwòrán, máàpù àti tábìlì, ìwé tí a tẹ̀ dára ju ẹfun lọ. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí olùkọ́ kó gbogbo ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé olójú ewé 60. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ kì í rí ìdí tí òun fi máa wá sí kíláàsì. Èyí tó wá, orí ìwé ló dorí kọ nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ń gbé e fún atẹ̀wé láìyẹ̀ ẹ́ wò: 10³ á di 103, akẹ́kọ̀ọ́ á sì há a sórí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá ṣe fótókọ́pì láti ara fótókọ́pì, àwòrán inú rẹ̀ á dúdú débi pé èèyàn ò ní mọ ohun tó jẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùkọ́ wa ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Owé àti Ọ̀wọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dán wò ni ewé kan ṣoṣo, tí a tẹ̀ níwá-lẹ́yìn, fún orí ẹ̀kọ́ kan, kí àlàfo tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ nǹkan sí sì wà nínú rẹ̀. Kíláàsì ọmọ 40, orí ẹ̀kọ́ 12: ewé 480 ni. Rímù kan jẹ́ 500, ó sì ku 20 fún èyí tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Rímù kan ṣoṣo fún odindi sáà! Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wo ni kò lè rà á?

Lókè ewé náà, kí olùkọ́ kọ ìbéèrè mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè dáhùn kí kíláàsì tó tú. Àwòrán á ní ọfà, kò ní ní orúkọ. Tábìlì á ní àkòrí, inú rẹ̀ á ṣófo. Tó bá jẹ́ ìṣirò, kó tẹ ìbéèrè, kó sì fi ìlà mẹ́fà sílẹ̀ fún iṣẹ́. Fọ́múlà àti ìtumọ̀ tó gùn ni kó tẹ̀ ní kíkún, torí àṣìdàkọ níbẹ̀ burú. Kó fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sílẹ̀ lápá òsì kí ihò fáìlì má bàa jẹ ọ̀rọ̀. Yínkì dúdú ni kó fi ya àwòrán, torí báírò búlúù lè má hàn dáadáa tó bá gba ẹnu ẹ̀rọ, kó sì tọ́jú ojúlówó sínú fáìlì, òun ni kó máa wọ ẹ̀rọ nígbà gbogbo.

Kó má pín méjìlá lẹ́ẹ̀kan o. Ti òní ni kó pín lónìí, kó sì máa dí àlàfo tirẹ̀ lójú pátákó bí àwọn náà ṣe ń dí tiwọn. Àlàfo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò wúlò, ọmọ á kàn yọjú wo ti ẹnì kejì. Gbólóhùn kan ni kó gbà. Bí àlàfo bá sì ti ju mẹ́wàá lọ, kíláàsì á di àpèkọ, kò sẹ́ni tó máa ráyè ronú.

Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé ìkàwé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó má sọ ọ́ di dandan, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé gbogbo abúlé wa.

Mo tún un sọ: ìwé orúkọ àwọn tó ra háńdáòtù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìwé máàkì. Kí àwọn aláṣẹ gba àwọn ìwé orúkọ náà lọ́wọ́ olórí kíláàsì gbogbo kí ìdánwò sáà yìí tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì pàṣẹ pé orí ìwé èyíkéyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sí.

Olùkọ́ kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.