Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: wúùlù tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín rà bọ̀ láti òkè òkun

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Àkúrẹ́, a kí yín o. Ẹ kú àdúrótì.

Ìbéèrè kan ò tán lẹ́nu yín ní ṣọ́ọ̀bù: "Ọmọ mi ń bọ̀ wálé, irú wúùlù wo ni kó rà bọ̀?" Ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mú jáde ni kó rà. Èyí tí wọ́n kọ orúkọ ìlú gàdàgbà sí lára, tó sì jẹ́ ákírílíìkì (èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tí kì í ṣe irun ẹran), ẹ ó rí irú rẹ̀ rà ní Ọjà Ọba. Kí ẹni tó fẹ́ rà á yí bébà tí wọ́n fi dì í padà, kó ka ohun tí wọ́n fi ṣe é àti ibi tí wọ́n ti ran án.

Bó bá ń ti Scotland bọ̀, kó wá wúùlù erékùṣù Shetland. Àwọ̀ oríṣiríṣi ni àgùntàn wọn ń bí mọ́ ara: funfun, eérú, àwọ̀ ilẹ̀, dúdú. Ẹ lè hun aṣọ tó ní bátànì láìsí aró kankan níbẹ̀. Ti Iceland ni wọ́n ń pè ní lopi. Irun méjì ni àgùntàn ibẹ̀ ní: èyí tó gùn tó sì le wà lókè, èyí tó rọ̀ wà lábẹ́. Ó máa ń yúnni lára, nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi hun aṣọ ọmọ ìkókó. Òwú ló yẹ ọmọ ìkókó nínú ooru wa yìí, òwú Íjíbítì tí fọ́nrán rẹ̀ gùn ni mo sì fẹ́ràn jù fún un.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù kò jìnnà: mohair Gúúsù Áfíríkà. Irun ewúrẹ́ Angora ni. Láti Turkey ni wọ́n ti kó ewúrẹ́ náà dé ibẹ̀ lọ́dún 1838, lónìí kò sí orílẹ̀-èdè tó ń pèsè mohair tó wọn. Ẹ mú èyí tó tín-ín-rín, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá hun ún kó ṣí sílẹ̀ dáadáa. Yóò di ìborùn tó fúyẹ́, tó ń dán, tí ẹ lè dà bo èjìká lásìkò ọyẹ́, tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí èésì ti pọ̀ jù.

Ohun tó máa ń dùn mí ni kí wọ́n gbé ìdì kan ṣoṣo, 50 giramu, wá láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ sì fẹ́ fi hun súwẹ́tà. Ti àgbàlagbà lè gbà tó 500 giramu. Nọ́ńbà aró, èyí tó ń fi àwọn ìdì tí wọ́n jọ rẹ láró lẹ́ẹ̀kan náà hàn, wà lára bébà náà. Kí ti gbogbo ìdì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí nọ́ńbà méjì bá pàdé, ìlà á yọ gedegbe láyà aṣọ, kò sì sí bí ẹ ó ṣe padà lọ ra òmíràn.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi tútù ni o. Omi gbígbóná á sún un kì.

Kí wọ́n tó sanwó níbẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò bébà náà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. A ó sọ iye ìdì tó máa tó ohun tí ẹ fẹ́ hun. A kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ ò ra nǹkankan lọ́wọ́ wa.

Àwa tiyín,
Ṣọ́ọ̀bù òwú àti wúùlù, Àkúrẹ́