Lẹ́tà sí àbúrò mi, ọmọ ilé tuntun nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Alágbàká, Àkúrẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo tún kí ọ kú oríire. Lójú agbo, Ọnọrébù ni mò ń pè ọ́, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ni mo sì ń bá ọ sọ̀rọ̀, nítorí àwọn tó dìbò fún ọ ń wò wá, ó sì yẹ kí wọ́n rí i pé a bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́. Nínú lẹ́tà yìí, àbúrò tí mo pọ̀n ni ọ́. Mo kọ ọ́ síta kí àwọn ẹlòmíràn lè kà á, torí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí kò ní ipò kankan níbẹ̀: kì í ṣe Abẹnugan, kì í ṣe igbákejì Abẹnugan, kì í ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nínú ilé. Ọmọ ilé tí àga rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn ni.

Mo wá sílé rẹ láàárọ̀ Sátidé tó kọjá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn àga oníke abẹ́ igi máńgòrò fi kún. Bàbá kan ká ìwé tí dókítà fi kọ oògùn fún un mọ́wọ́, òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rẹ́. Opó kan fẹ́ sìnkú ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ kan ń wá owó fọ́ọ̀mù JAMB. Káàdì ìkórè ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, àwọn alásàlátù náà ò gbẹ́yìn. O dá gbogbo wọn lóhùn tẹ̀rín-tọ̀yàyà, inú mi sì dùn sí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe máa ń gba àlejò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ pálọ̀, mo rí ẹrù ìwé tí wọ́n kó fún yín nílé aṣòfin lórí tábìlì. Ìwé ìlànà ilé wà níbẹ̀, ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Okùn tí wọ́n fi dì wọ́n ṣì wà lára wọn, kò sẹ́ni tó tú u.

Okùn yẹn ni mo bá wá.

Mi ò ní kí o ti ilẹ̀kùn mọ́ aráàlú. Ara ń ni wọ́n lóòótọ́, ẹni tí ara ń ni kì í mọ ibi tí agbára aṣòfin pin sí. Ṣùgbọ́n owó oògùn, olówó mìíràn nílùú wa lè san án. Alága ìkórè, a ò wá a tì. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èèyàn 26 péré ni gbogbo wọn rán lọ sí Alágbàká láti ṣòfin, kí wọ́n sì fọwọ́ sí owó tí ìjọba máa ná. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ìwé owó yẹn, kò sí olówó kan láti ẹkùn wa tó lè dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àfi ìwọ. Tí o bá dákẹ́, gbogbo wa la dákẹ́.

Wo afárá onígi tó wà lójú ọ̀nà oko bàbá wa. O mọ̀ ọ́n. Tí ọkọ̀ bá débẹ̀, dírẹ́bà á dúró, ọmọ ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á máa fẹsẹ̀ tẹ pákó kọ̀ọ̀kan wò. Á yọ èyí tó ti jẹrà, á fi pákó tí wọ́n gbé dání dí ojú rẹ̀, kí wọ́n tó rọra yọ́ kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, tí òjò ṣì ń rọ̀ tí kòkó sì ti ń pọ́n, odò a máa bo pákó wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀. Kòkó tó yẹ kó jáde lọ́sẹ̀ yìí á dúró sóko. Oòrùn ò tó láti sá a gbẹ, kò sì ní pẹ́ tí á fi bu. Ẹni tó bá wá rà á á kiwọ́ bọ àpò, á la hóró méjì mẹ́ta wò, á sì dá iye tó wù ú lé e, torí ó mọ̀ pé olóko ò ríbi gbé e gbà. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń pèsè kòkó jù lọ ní Nàìjíríà, a sì ń fi yangàn níbi gbogbo. Ọ̀nà tí kòkó náà ń gbà dé ọjà ni mo fẹ́ kí ẹnìkan máa sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ilé yẹn, títí wọ́n á fi dáhùn.

Àwọn kan á gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o dìde lọ́jọ́ kan, kí o dá àbá, kí wọ́n yà ọ́ ní fọ́tò, kí wọ́n gbé e sórí Facebook. Dá àbá, ó dára. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀nà. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, bí èyí tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì, ilé yín ò lè ya owó Àbújá sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀bẹ̀ ni àbá yín máa bẹ̀. Ọ̀nà ìpínlẹ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀yin fúnra yín ń fọwọ́ sí. Àwọn ọ̀nà kéékèèké, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kó wọn sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú ọjà àti gáréèjì, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣòfin tó là á sílẹ̀ bí wọ́n á ṣe máa bójú tó wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, wádìí afárá wa dáadáa. Tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, inú ilé ni ìjà rẹ wà. Tó bá jẹ́ ti kánsù, lọ bá alága kánsù pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí o sì jẹ́ kí aráàlú mọ̀ pé o lọ.

Nípa ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì, má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Àpapọ̀ owó tí wọ́n kọ síwájú á kàn yà ọ́ lẹ́nu lásán ni. Lọ sí ibi iṣẹ́ òde, lọ sí ibi iṣẹ́ àgbẹ̀, kí o wá orúkọ abúlé wa. Tí o bá rí i, wo ohun mẹ́ta tó wà lórí ìlà yẹn: iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún tó kọjá, iye tí wọ́n ná nínú rẹ̀ gan-an, àti iye tí wọ́n ń bèèrè fún ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ kan lè fara hàn nínú ìwé lọ́dọọdún, kí owó iwájú rẹ̀ máa wú sí i, kí ojú ibi tí wọ́n ń kọ iye tí wọ́n ná sì máa jẹ́ òdo. Ẹni tí kò bá ka ìlà yẹn á máa dúpẹ́ pé wọ́n fi abúlé òun sí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá kà á á béèrè pé kí ló dé tí wọn ò tú owó ọdún tó kọjá sílẹ̀. Gómìnà ló ń gbé ìwé yẹn wá síwájú ilé, ẹ̀yin lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ tí àwọn kọmíṣọ́nnà bá wá ṣàlàyé ti ẹ̀ka wọn níwájú ìgbìmọ̀, ìbéèrè yẹn ni kí o mú lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè rẹ̀. Tí wọ́n bá dáhùn, kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn máa padà wá dáhùn, kọ ọjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú yàrá ìgbìmọ̀ ni iṣẹ́ gidi wà, mo sì fẹ́ kí o gbà mí gbọ́ lórí èyí ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ìjókòó ńlá ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé, ibẹ̀ ni ọ̀pá àṣẹ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo. Ṣùgbọ́n kí àbádòfin tó dé ibi kíkà kẹta, wọ́n ti tún un ṣe lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n yọ níbẹ̀ lè gbé oúnjẹ kúrò lẹ́nu àwọn olóko. Ìpàdé ìtagbangba tí wọ́n fi ń gbọ́ èrò ará ìlú, sọ fún wa lásìkò kí a lè ran ẹnìkan wá. Abala 128 ìwé òfin fún ilé yín lágbára láti wádìí bí ìjọba ṣe ń náwó tí ilé fọwọ́ sí, kí ẹ lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìfowóṣòfò. Ó yẹ kí ọmọ ilé tuntun mọ abala yẹn lórí.

Ìwọ náà lè gbé àbádòfin kalẹ̀, kò dìgbà tí o bá dórí ipò. Má ṣe é ní mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé àwọn oníròyìn a máa ka iye tí ọmọ ilé gbé wá, wọ́n á wá gbé èyí tó pọ̀ jù sókè. Ṣe ẹyọ kan tó mọ́ra, kí o wá ẹni tí ẹ jọ máa gbé e láti Ìdànrè, láti Ilé-Olújì, láti ibi tí wọ́n ti ń jẹ irú ìyà tí à ń jẹ. Ìwọ nìkan ò lè mú un kọjá. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọgbọ̀n ọjọ́ ni gómìnà ní láti buwọ́ lù ú tàbí kó ní òun kò gbà. Tí kò bá gbà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé, èèyàn 18 nínú 26, ló lè sọ ọ́ di òfin láìsí òun. Rò ó wò, àbúrò mi, ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ máa kí àwọn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ.

Òfin tó jáde láti ilé yẹn a máa dé oko lóòótọ́. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tí à ń rí lójú ọ̀nà, òfin ọdún 2020 ló gbé wọn dìde. Òfin tó ní kí wọ́n má fi màlúù jẹ oko kiri, ọdún 2021 ni. Kí o sì rántí Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀. Olùkọ́ ni. Ọjọ́ pẹ́ kó tó di gómìnà Oǹdó ní 1979 tó ti kọ ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group gùn lé, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìyá wa wọlé ìwé nítorí ètò yẹn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀wé kà nínú ilé bàbá rẹ̀, òun ló sì kọ́ èmi àti ìwọ ní ABD kí a tó mọ ọ̀nà ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó ńkọ́? Ìwé òfin ní ilé gbọ́dọ̀ jókòó, ó kéré tán, ọjọ́ 181 lọ́dún. Ọmọ ilé tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí lè pàdánù àga rẹ̀. Wọ́n á pè ọ́ sí ìnáwó lọ́jọ́ Túsìdeè. Rán ìyàwó rẹ, rán èmi, fi ẹ̀bùn ránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ á gbà pé ibi tí òun rán ọ lọ lo wà.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ẹ̀kọ́ Government, ẹ̀kọ́ nípa ìṣèjọba, pọ̀, síbẹ̀ mi ò rí ọmọ méjì tó mọ̀ pé abala 97 wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n abala yẹn ní tí ilé bá fẹnu kò, ó lè fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ kún un. Wọ́n ti ń fi Yorùbá jókòó nílé aṣòfin Èkó. Tí o bá ń wá àbá àkọ́kọ́ tí kò ní náni lówó, òun nìyí. Jẹ́ kí ilé yà ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n á fi Yorùbá jíròrò, kí rédíò gbé e. Nígbà náà, ìyá tó ń sá kòkó lábúlé á gbọ́ ohùn rẹ, á mọ ohun tí o sọ nípa afárá, á sì mọ ẹni tó takò ọ́. Mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí àwọn aṣòfin sọ dìbò fún wọn, èyí ò sì lè ṣẹlẹ̀ tí a ò bá gbọ́ wọn ní èdè tí a fi ń ronú.

Ní ti Sátidé, jẹ́ ká wá ọgbọ́n dá sí i. Fi gbígba àlejò sí Sátidé nìkan, kí o sì fi ẹnìkan síbẹ̀ tó máa kọ ẹ̀dùn ọkàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tí oògùn rẹ̀ ò ṣeé dúró dè, tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó pọ̀ bá ń wá nítorí ilé ìwòsàn abúlé kan náà tí kò ní oògùn, ìbéèrè ìgbìmọ̀ ìlera nìyẹn, mú un lọ síbẹ̀. Àwọn tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn ti ń bá ọ kọ ọ̀rọ̀ tí o máa sọ nínú ilé, tí o bá lè gbọ́ wọn papọ̀.

Tú okùn ìwé yẹn lálẹ́ òní. Tí o bá rí ibi tí ọ̀nà wa wà, tàbí tí o ò bá rí i rárá, ya fọ́tò ojú ìwé náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ti bá àwọn bàbá oko sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo abúlé tó ń gba orí afárá náà kó kòkó jáde sílẹ̀, wọ́n á sì mú un wá bá ọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò bọ́jẹ́ẹ̀tì. Dákun, gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn fúnra rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, láti Àkúrẹ́